Ahọ́n ló ṣáájú ẹnu: ìdáhùn fún àbúrò kan tó ń múra ìdíje barista ní Adó-Èkìtì

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé kọfí kékeré kan ní Baṣìrì, ní Adó-Èkìtì. Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti ń po kọfí fún oníbàárà, mo sì fẹ́ wọ ìdíje barista, ìyẹn ìdíje àwọn tó ń po kọfí. Ẹ̀rọ ọ̀gá mi kò tóbi, iná kì í dúró, owó ọwọ́ mi kò sì tó ra irú kọfí tí mo ń rí lọ́wọ́ àwọn tó ń díje lókè òkun. Àwọn kan ní kí n kọ́kọ́ há ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ sórí. Ibo gan-an ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé mo lè lo kọfí ilẹ̀ wa? Báwo ni kí n sì ṣe bá ọ̀gá mi sọ ọ́?"

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́, o sì kú ìgboyà. N kò ní bá àwọn tó gbà ọ́ nímọ̀ràn bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Má tíì há ọ̀rọ̀ kankan sórí. Mo ń kọ́ àwọn tó fẹ́ díje, mo sì máa ń jókòó ti àwọn tó ń tọ́ kọfí wò, ohun tí mo ń rí ni pé ẹnu ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ kọ́. Wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ tó dùn létí sínú ìwé, wọ́n á máa kà á níwájú dígí, ó di ọjọ́ ìdíje, adájọ́ gbé ife sẹ́nu, kò rí ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n sọ. Ahọ́n ni kí o kọ́kọ́ kọ́. Ọ̀rọ̀ sísọ, eré ọwọ́, aṣọ tí o máa wọ̀, ẹ̀yìn ahọ́n ni gbogbo wọn ń tọ̀.

Jẹ́ kí n sọ bí ìdíje náà ṣe rí kí o lè mọ ìdí ọ̀rọ̀ mi. Òfin tí ọ̀pọ̀ ìdíje ń wò ni ti World Barista Championship, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Monte Carlo lọ́dún 2000, tí Robert Thoresen ará Norway sì gba ipò kìíní. Ìṣẹ́jú 15 ni wọ́n ń fún olùdíje láti to tábìlì rẹ̀, lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú 15 mìíràn láti ṣiṣẹ́ níwájú adájọ́. Nínú ìṣẹ́jú 15 yìí, ife 12 ni o máa gbé kalẹ̀: espresso 4 (kọfí kékeré tó ki, tí ẹ̀rọ ń fi agbára ti omi gbígbóná gba inú kọfí lílọ̀ yọ jáde), kọfí oníwàrà, ìyẹn onímílíìkì, 4, àti ohun mímu 4 tí ìwọ fúnra rẹ dá sílẹ̀ lórí espresso. Adájọ́ mẹ́rin ló ń tọ́ wọn wò, ife kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta. Yàtọ̀ sí àwọn wọ̀nyí, adájọ́ kan tún wà tó jẹ́ pé ọwọ́ rẹ àti ìmọ́tótó rẹ ló ń ṣọ́, olórí adájọ́ sì ń wo gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí o bá kọjá àkókò, ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan ń gba máàkì kan lọ́wọ́ rẹ. Bí o bá fi ju ìṣẹ́jú kan gbáko kọjá, wọ́n á yọ orúkọ rẹ kúrò. Òfin yìí máa ń yí díẹ̀díẹ̀ láti ọdún dé ọdún, nítorí náà ìwé òfin ìdíje tí o fẹ́ wọ̀ gan-an ni kí o tẹ̀ jáde, kí o kà á tán, kí o tún un kà.

Apá kan wà nínú ìwé máàkì tí ọ̀pọ̀ ń fojú fò. Adájọ́ kò wá síbẹ̀ láti wá kọfí tó wu òun. Ó ń gbọ́ ohun tí o ní ó wà nínú ife, yóò fi ṣíbí po espresso náà pọ̀, yóò mu ún, yóò tún un mu, yóò wá bi ara rẹ̀ léèrè pé: ṣé mo rí ohun tó sọ? Bí o bá ní ọsàn, tó sì rí ọsàn, máàkì rẹ gòkè. Bí o bá ka òdòdó, oyin àti èso mẹ́ta sílẹ̀, tó wá jẹ́ pé ohun kíkan kan ṣoṣo ló tọ́, kódà bí kọfí náà bá dùn, o ti pàdánù. Ẹni tó ṣèlérí kékeré tó sì mú un ṣẹ á borí ẹni tó ṣèlérí rẹpẹtẹ. Ohun tí ahọ́n tìrẹ kò sì tíì rí, o kò lè fi í ṣe ìlérí fún ẹlòmíràn.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ń bí ahọ́n tó mọ kọfí. Ọmọ Èkìtì tí wọ́n bá gbé iyán síwájú rẹ̀, òkèlè àkọ́kọ́ ni yóò fi mọ̀ bóyá iṣu tuntun ni wọ́n gún tàbí iṣu tó ti pẹ́ lábà. Yóò mọ̀ bí omi bá ti pọ̀ jù, yóò sì mọ̀ bó bá jẹ́ pé iyán àná ni. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ níléèwé. O jẹ ẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, o sì ń gbọ́ bí àwọn àgbà ṣe ń sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe ń kọ́ kọfí: ká tọ́ ọ lọ́pọ̀ ìgbà, ká sì máa sọ ohun tí a rí síta fún ẹni tó ń gbọ́.

Nítorí náà, ọjà ni kí o kọ́kọ́ lọ, má tíì lọ sídìí ẹ̀rọ. Lọ sí Ọjà Ọba, kí o ra ọsàn wẹ́wẹ́, ọsàn mímu, tanjarín, ìrèké, oyin, ẹ̀pà yíyan, atalẹ̀, ewúro díẹ̀ àti orógbó kan. Bí àgbálùmọ̀ bá wà lóde, rà á. Bó bá jẹ́ ìgbà òjò, wá ìyeyè. Jókòó pẹ̀lú ẹnì kan nílé, di ojú rẹ, kí ó máa fi wọ́n sí ọ lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan. Má kàn sọ orúkọ ohun tó fi sí ọ lẹ́nu, sọ ohun tó ń ṣe. Gbogbo wọn ni a máa ń sọ pé ó kan, ṣùgbọ́n kíkan ọsàn wẹ́wẹ́ á ta ọ́ létí ahọ́n, á sì kúrò kíá. Kíkan tanjarín á gbé adùn dání. Ti àgbálùmọ̀ á pẹ́ lẹ́nu, ètè rẹ á sì máa lẹ̀ mọ́ra. Kíkorò ewúro máa ń wẹ ọ̀nà ọ̀fun, orógbó ní tirẹ̀ á gbẹ ọ́ lẹ́nu. Kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan, kí ìwé náà má sì kúrò lọ́dọ̀ rẹ títí ìdíje fi máa parí. Bí o bá wá gbé kọfí sẹ́nu lẹ́yìn náà, "ó kan" nìkan kò ní tó ọ mọ́, o ó fẹ́ mọ irú èyí tó kan.

Ìkìlọ̀ kan lórí èyí. Bí adájọ́ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, pe àgbálùmọ̀ lórúkọ, yóò mọ̀ ọ́n ju èso òkèèrè lọ. Bó bá jẹ́ àlejò ni, ṣàpèjúwe rẹ̀ fún un ní gbólóhùn kan: èso tó kan díẹ̀, tó dùn díẹ̀, tó ń pẹ́ lẹ́nu. Má fi orúkọ tí kò mọ̀ dán an wò.

Eré mìíràn tó ń pọ́n ahọ́n wà tí kò náni lówó. Nínú ìdíje àgbáyé kan tó wà fún títọ́ kọfí wò nìkan, wọ́n á to ife mẹ́ta síwájú ẹni, méjì dọ́gba, ọ̀kan yàtọ̀. Ọ̀nà mẹ́jọ ni wọ́n ń tò ó, ìṣẹ́jú 8 sì ni wọ́n ń fún ẹni láti mú èyí tó yàtọ̀ jáde níbi gbogbo. Ṣe é nílé. Wá ife mẹ́ta tó jọra, fi bírò sàmì sábẹ́ ọ̀kan. Da kọfí kan náà sínú wọn, ṣùgbọ́n bu omi díẹ̀ lé ti inú èyí tó lámì, kí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ pààrọ̀ ipò wọn lẹ́yìn rẹ. Bó bá ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn, dín omi náà kù. Tọ́ wọn nígbà tó gbóná, tún wọn tọ́ nígbà tó lọ́wọ́ọ́rọ́, tún wọn tọ́ nígbà tó tutù. Kọfí tó ń pa kíkan rẹ̀ mọ́ nígbà tó gbóná máa ń tú àṣírí rẹ̀ bó bá ń tutù, adájọ́ kì í sì í mu tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tó jáde.

Ó wá kan ẹ̀rọ. Ìwọ̀n kékeré irú èyí tí àwọn oníwúrà ń lò ni ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí o fi owó rẹ rà, èyí tó ń ka gíráàmù dé ìdá mẹ́wàá. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gíráàmù 18 kọfí lílọ̀, kí gíráàmù 36 espresso jáde láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 25 sí 30, pẹ̀lú omi tó gbóná tó 93°C. Ibi ìbẹ̀rẹ̀ lásán lèyí, kì í ṣe òfin. Òfin àgbáyé gbà kí omi wà láàárín 90.5 sí 96°C.

Ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ní alẹ́ kan tí iná bá wà. Yọ espresso mẹ́ta láti inú kọfí kan náà, kí ìwọ̀n gíráàmù má yí padà, ìlọ̀ nìkan ni kí o yí. Èkíní, lọ̀ ọ́ kí ó má kúná tó bẹ́ẹ̀, kí omi lè sáré kọjá. Èkejì, kí ó kúná dé ìwọ̀n tí o mọ̀. Ẹ̀kẹta, kí ó kúná débi tí omi á fi máa kán tó tó. Tò wọ́n sílẹ̀, duro díẹ̀, kí o tọ́ wọn. Èkíní á kan, á ṣàn lẹ́nu bí omi, á sì yára parí. Ẹ̀kẹta á korò, á gbẹ ọ́ lẹ́nu bí ti orógbó yẹn. Èkejì ni adùn ti máa gbé kíkan dání, tí kò sí èyí tó ń lé èkejì. Bí o bá ti mọ ojú wọn báyìí, kò sí ẹ̀rọ tó lè dẹ́rù bà ọ́ mọ́, torí pé ife fúnra rẹ̀ ni yóò máa sọ fún ọ bóyá kí o lọ̀ ọ́ kúná sí i tàbí kí o dín kíkúná rẹ̀ kù. Nǹkan kan ṣoṣo ni kí o máa yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó yí ìlọ̀, tó yí gíráàmù, tó tún yí ooru omi nínú ife kan náà kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Kọfí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iná ìyan kúrò náà kò dára fún èyí. Afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀ tó ń jáde, á sì máa da espresso rú. Jẹ́ kí ó sinmi tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì nínú ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ pa. Nítorí náà, ka ọjọ́ sẹ́yìn láti ọjọ́ ìdíje kí o tó rà á, kí o sì bi ẹni tó yan án ní ọjọ́ tó yan án. Ẹni tí kò bá lè dá ọ lóhùn, má ra tirẹ̀.

O béèrè nípa kọfí ilẹ̀ wa, mo sì fẹ́ dáhùn rẹ̀ dáadáa torí pé ó jẹ mí lógún. Kọfí tí a ń bá nínú oko àtijọ́ láàárín kòkó ní Èkìtì, Oǹdó àti ní ìhà Kàbà, robusta ni púpọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀kan nínú irú kọfí méjì tí wọ́n ń gbìn jù lágbàáyé. Arabica ni irú kejì. Arabica tiwa, òkè Mambilla ní Tàràbà ló ti ń ṣe dáadáa torí pé ibẹ̀ ga, ó sì tutù. Àwọn tó ń díje lágbàáyé, arabica ni wọ́n sábà ń lò. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2021, Diego Campos ará Kòlóńbíà gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé pẹ̀lú eugenioides, irú kọfí kan tí ọ̀pọ̀ kò tiẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Eugenioides yìí àti robusta ni òbí arabica: àwọn méjèèjì ló pàdé nínú igbó Áfíríkà látayébáyé kí arabica tó wáyé. Ọ̀rọ̀ pé irú kọfí kan ṣoṣo ló yẹ kí wọ́n rí lórí tábìlì ìdíje, ó ti kọjá báyìí. Kí ó tó di 2011 tí Alejandro Mendez ará El Salvador gbà á, kò sí ọmọ ilẹ̀ tó ń gbin kọfí tó tíì gba ipò kìíní àgbáyé. Láti ìgbà náà, Guatemala, Kòlóńbíà, Bràsíìlì àti Indonéṣíà ti gbà á.

Síbẹ̀, ìfẹ́ ìlú kò ní máàkì nínú ìwé adájọ́. Ohun tó ń ba robusta wa jẹ́ kì í ṣe irú rẹ̀, bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ ni. Wọ́n á já èso pupa, èyí tí kò tíì pọ́n àti èyí tó ti dúdú pọ̀, wọ́n á sá a sí etí títì lórí ọ̀dà, òórùn táyà àti èéfín á wọ inú rẹ̀, kò sì sí bí o ṣe lè yan án tí òórùn náà á lọ. Bí o bá ní mọ̀lẹ́bí tó ní igi kọfí lóko, o lè gbìyànjú èyí: já pupa nìkan, dà á sínú omi kí o yọ gbogbo èyí tó bá léfòó, sá ìyókù sórí nẹ́ẹ̀tì tí a gbé kúrò nílẹ̀, máa yí i lójoojúmọ́, kí o sì kó o wọlé bí òjò bá ṣú àti bí alẹ́ bá lẹ́. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni. Àwọn tó ń ṣèwádìí lórí kòkó ní Ìdí-Ayùnrẹ́ n'Íbàdàn, CRIN, ìjọba fi kọfí náà sábẹ́ iṣẹ́ wọn, wọ́n ṣeé bi.

Ìmọ̀ràn tèmi fún ìgbà àkọ́kọ́ yìí: lo arabica kan tó mọ́, tí o mọ ọjọ́ tí wọ́n yan án, fún espresso. Kò pọn dandan kó jẹ́ ti olówó ńlá. Kọfí tó mọ níwọ̀n tí o mọ tinú tòde rẹ̀ sàn ju èyí tó gbówó lórí tí owó rẹ kò ní tó ra èyí tí o máa fi dánra wò. Tó o bá rí robusta wa tó mọ́ lóòótọ́, fi í sínú ife oníwàrà, torí pé ó kì lẹ́nu, ó sì lágbára láti dá sọ̀rọ̀ láàárín mílíìkì. Òfin àgbáyé kò ní kí kọfí kan náà wà nínú gbogbo ife.

Lórí mílíìkì, n kò ní pẹ́. Mílíìkì màlúù tútù ṣòroó rí fún ọ̀pọ̀ nínú wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oko màlúù onímílíìkì wà ní Ìkún-Èkìtì níbí. Mílíìkì olómi inú páálí, èyí tí wọn kò yọ ọ̀rá rẹ̀, ló máa ń rọrùn jù. Ra irú kan ṣoṣo, má pààrọ̀ rẹ̀. Kí o má baà fi owó rẹ ṣòfò, omi tútù tí o kán ẹyọ ọṣẹ ìfọwọ́ olómi kan sí ni kí o fi kọ́ ọwọ́ rẹ nídìí ọ̀pá ooru, irin ara ẹ̀rọ tí ooru omi ń gbà jáde láti mú mílíìkì gbóná: ó ń yí, ó sì ń hó bíi mílíìkì gan-an, o sì lè ṣe é títí ọwọ́ á fi mọ́ra. Fọ gbogbo nǹkan dáadáa lẹ́yìn rẹ̀. Mílíìkì tó dára a máa dán bí ọ̀dà ilé tó ṣì tutù, kì í ní ìhó ńlá lójú. Kí ó má kọjá nǹkan bí 60 sí 65°C, torí pé adùn rẹ̀ a máa sá lọ lókè ibẹ̀, adájọ́ sì fẹ́ kí ife oníwàrà ṣeé mu lójú ẹsẹ̀ tí o bá gbé e kalẹ̀.

Ohun mímu tí o fúnra rẹ dá sílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń fẹ́ ṣe àṣejù. Wọ́n á kó zobo, atalẹ̀, kànáfùrù àti ṣúgà jọ, espresso á wá di àlejò nínú ife ara rẹ̀. Òfin ní espresso ni kí adájọ́ tọ́ jù. Ọtí kankan kò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Nítorí náà gbàgbé ẹmu, mo mọ̀ pé ó máa wá sí ọ lọ́kàn: ẹmu tí wọ́n dá láàárọ̀ ti ń di ọtí kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ohun kan wà lóko wa tí mo fẹ́ kí o rò. Gbogbo ọmọ tó bá bá àwọn òbí rẹ̀ lọ fọ́ kòkó ti lá omi funfun tó yí èso inú rẹ̀ ká. Ó dùn, ó sì kan díẹ̀, òórùn rẹ̀ sì dà bí ti èso tó pọ́n. Bí o bá sẹ́ ẹ, tí o gbé e sínú yìnyín lójú ẹsẹ̀, tí o sì fi díẹ̀ péré kún espresso tó ní adùn èso nínú, méjèèjì á gbé ara wọn. Ṣùgbọ́n òun náà ń yára hó, bó bá sì ti ń hó ó ti ń di ọtí nìyẹn, ìdí nìyí tí yìnyín fi ṣe pàtàkì. Ìgbà ìkórè kòkó ló pọ̀ jù, láti nǹkan bí Oṣù Kẹ̀wàá. Bí ìdíje rẹ kò bá bọ́ sí àsìkò náà, oyin àti oje tanjarín tí o sẹ́ tó o sì sè díẹ̀ ti tó. Ohun méjì tàbí mẹ́ta ni kí o fi kún espresso, kí o sì lè sọ iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí o bá yọ kúrò tí ife náà kò yàtọ̀, má dá a padà.

Nípa ọwọ́, ohun tí adájọ́ ń ṣọ́ kò le, àṣà ló fẹ́. Portafilter, irin ọlọ́wọ́ tí à ń kó kọfí lílọ̀ sí, gbọ́dọ̀ gbẹ kó sì mọ́ kí o tó da kọfí sínú rẹ̀. Tú omi díẹ̀ jáde lẹ́nu ẹ̀rọ kí o tó kì í bọ̀ ọ́, bí o bá sì ti kì í bọ̀ ọ́, tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, má dá kọfí dúró nínú ooru. Tú ooru jáde nínú ọ̀pá kí o tó fi kan mílíìkì, tún un tú lẹ́yìn rẹ̀. Aṣọ tí o fi ń nu ọ̀pá ooru kò gbọ́dọ̀ kan tábìlì láé. Kọfí tó dà sílẹ̀ àti mílíìkì tó ṣẹ́kù nínú ago, wọ́n ń wò ó. Ṣe gbogbo èyí fún oníbàárà rẹ láti ọ̀la lọ, fún gbogbo wọn, kódà nígbà tí èrò bá pọ̀. Ohun tí o kò bá ṣe níṣẹ́ ojoojúmọ́, ọwọ́ rẹ kò ní rántí rẹ̀ lọ́jọ́ ìdíje.

Iná tí kò dúró kò tó ìdíwọ́ tí o rò. Ọ̀pọ̀ nínú ìmúra yìí kò fẹ́ iná rárá. Fi ṣọ́ọ̀kì fa àwòrán ẹ̀rọ sórí tábìlì ilé yín, ibi tí ẹ̀rọ ìlọ̀ máa wà, ibi tí portafilter máa wà. To ife 12 sílẹ̀, fi omi lásán rọ́pò kọfí, yí aago fóònù rẹ sí ìṣẹ́jú 15, kí o ṣe gbogbo rẹ̀ láti ìkíni dé ìdúpẹ́. O ó rí i pé ìgbà mélòó kan lo kọjá níwájú ara rẹ láti lọ mú ṣíbí tó yẹ kó ti wà lápá ọ̀tún. Yí ipò rẹ̀ padà, tún un ṣe. Dánra wò títí tí yóò fi máa parí ní ìṣẹ́jú 14, kí ìṣẹ́jú tó kù wà fún ohun tó bá já bọ́. Ìṣẹ́jú 15 ti ìtotábìlì náà, dánra wò fún un lọ́tọ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀.

Bí iná bá wá dé, lo wákàtí náà fún ohun tó fẹ́ iná nìkan: espresso àti títọ́ ọ wò. Rántí pé ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ gbóná dáadáa kí o tó gba ohun tó sọ gbọ́.

Ẹ̀rọ tí o máa bá níbi ìdíje kì í ṣe ti ọ̀gá rẹ, omi ibẹ̀ kì í sì í ṣe omi Baṣìrì. Kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ láti mọ irú ẹ̀rọ tí wọ́n máa gbé wá. Omi ń yí kọfí padà ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ: omi tó ní iyọ̀ ilẹ̀ púpọ̀ máa ń tẹ kíkan kọfí mọ́lẹ̀, èyí tí kò ní nǹkan kan nínú máa ń mú kó ṣá lẹ́nu. Dán kọfí rẹ wò pẹ̀lú omi bọ́rí-họ́ọ̀lù, pẹ̀lú píọ̀wọ́tà, àti pẹ̀lú omi inú ìgò, kí o kọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe yí i sínú ìwé rẹ. Bí omi ibi ìdíje bá wá yí adùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà, o ti rí irú rẹ̀ rí. Bó bá jẹ́ Èkó tàbí Àbújá ni ìdíje wà, má fi àárọ̀ ọjọ́ náà rìn. Sùn síbẹ̀. Fi aṣọ wé ife rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o sì mú ju 12 lọ dání.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ sísọ, èyí tí wọ́n ní kí o fi bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí tí ìwé rẹ ti kún, ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ara rẹ̀. Ka ohun tí o kọ nípa kọfí náà lálẹ́ mélòó kan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí o wo ohun tó ń padà wá ṣáá. Bí tanjarín bá wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà, tí oyin sì máa ń yọjú bó bá tutù díẹ̀, ohun tí o máa sọ nìyẹn: "Ẹ ó kọ́kọ́ rí tanjarín. Ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀, oyin á tẹ̀lé e. Ó fúyẹ́ lẹ́nu, kì í sì í pẹ́." Gbólóhùn kúkúrú. Sọ fún wọn bí kí wọ́n ṣe mu ún, kí o sì dákẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń mu ún. Sọ ibi tí kọfí náà ti wá bó bá kan adùn rẹ̀, bí kò bá kàn án, fi sílẹ̀. Rò ó ní Yorùbá kí o tó gbé e sí Gẹ̀ẹ́sì bó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fẹ́, má sì jẹ́ kí ohùn rẹ yí padà sí ti ẹlòmíràn. Adájọ́ fẹ́ mọ ohun tí o mọ̀, kì í ṣe ẹni tí o ń ṣe bí.

Ti ọ̀gá rẹ: má lọ bá a nígbà tí oníbàárà bá pọ̀, má sì lọ lọ́wọ́ òfo. Mú ìwé òfin náà dání, mú iye tí ìforúkọsílẹ̀ jẹ́, kí o sì ti mọ wákàtí tí o ń bẹ̀bẹ̀ fún, bóyá lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Sọ fún un pé kọfí àti mílíìkì tí o bá fi dánra wò, ìwọ lo máa rà á, pé wàá fọ ẹ̀rọ kí o tó lọ sílé, àti pé bí jẹnẹrétọ̀ bá ṣiṣẹ́, wàá dá sí owó epo. Lẹ́yìn náà, yọ espresso kan fún un, kí o sọ ohun tó máa rí nínú rẹ̀ kó tó gbé e sẹ́nu. Bó bá rí i, ó ti rí ohun tó máa jèrè lára ìdíje yìí, torí pé oníbàárà rẹ̀ náà á máa rí i. Bó bá ní rárá, má bínú. Tábìlì ilé yín àti ife mẹ́ta yẹn ṣì wà. O tún lè bẹ ilé kọfí mìíràn fún wákàtí díẹ̀, ṣùgbọ́n jẹ́ kí ọ̀gá rẹ gbọ́ ọ lẹ́nu tìrẹ kó tó gbọ́ ọ lóde.

Lẹ́yìn ìdíje, ipò yòówù kí o gbà, má sáré sílé. Àwọn adájọ́ máa ń jókòó ti olùdíje láti ṣàlàyé máàkì fún un, ọ̀pọ̀ kì í sì í dúró gbọ́. Mú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ lọ síbẹ̀, fi ohun tí wọ́n ní àwọn tọ́ wé ohun tí o kọ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí o bi wọ́n léèrè níbi tí méjèèjì kò ti bára mu.